Ojú Kan Tó Kù Lára Odò Ọya

“Ẹ bọ́ bàtà yín,” ni Àṣàkẹ́ wí, “kí ẹ tò ó sẹ́bàá ògiri. A kì í wọ bàtà lọ kí ìyá ẹni.”

Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń rìn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ìta rí. Ilẹ̀ Jẹ́bà kì í ṣe ilẹ̀ tí ọmọdé ń tẹ̀ ṣeré mọ́. Oòrùn kì í tíì ga tó orí òrùlé tí ilẹ̀ á ti gbóná bí ìdí ìkòkò.

“Àǹtí, ìyá ta ni?” Mákindé ló béèrè. Ẹnu ọmọ yẹn kì í sinmi.

“Ìyá gbogbo wa. Ìwọ ṣáà bọ́ bàtà.”

Lórí èjìká Àṣàkẹ́, Etí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ohun tí tíṣà ń sọ fún ọmọ, tan àwọ̀ ìyeyè fìrí. Ohùn tó ti inú rẹ̀ jáde tutù bí ohùn ẹni tí ebi kò pa rí. “Ọ̀nà-Omi Kìíní ni ẹ ń lọ wò. Ẹ má pè é ní nǹkan mìíràn.”

“Mo ti gbọ́.”

Etí padà sí àwọ̀ ewé. Kò tóbi ju gúáfà lọ, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà tí kì í gbé e léjìká láti àárọ̀ títí ilé ìwé á fi pa dé. Bó bá tan àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ rẹ bá ìwé mu. Bó bá tan àwọ̀ ìyeyè, kí o tètè wá ibi gbà. Àṣàkẹ́ kò tíì rí i kó pọ́n rí. Tíṣà tó wà ní kíláàsì yìí ṣáájú rẹ̀ ló rí i, inú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún ló sì wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń rọ Ìdérí, ọmọrí funfun tí ìjọba fi ń dé odò kí oòrùn má baà mu ún tán.

Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, oníkálukú di aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú, wọ́n ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbóná bí ọmọ adìyẹ. Lábẹ́ afárá rélùwéè àtijọ́, ìyá arúgbó kan sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì, ìró rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní itan. Ọyábùnmi, ọmọ tó kéré jù nínú wọn, yà kúrò nínú ìlà. Ó sáré lọ fa ìró náà, ó bo ìyá àgbà náà dáadáa, ó tún fọwọ́ tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ṣí i.

Inú Àṣàkẹ́ dùn débi pé ó dá gbogbo wọn dúró.

“Ẹ rí ohun tí Ọyábùnmi ṣe? Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rí ìyá tó sùn sílẹ̀ láìbora, tó bá kọjá lọ, ṣé ọmọ rere nìyẹn?”

“Rárá o!” ni gbogbo wọn ké.

“Kí la máa ń ṣe?”

“A máa bò ó!”

“Ẹ káre.”

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá Mákindé yọ sí wọn lẹ́nu géètì odò. Ó fa Àṣàkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. “Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ògiri ilé wa ò sun omi kankan láti àná. Wọ́n ní bí Jẹ́bà bá gbà, àwọn á ṣí i fún wa.”

Àṣàkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ka ìwọ̀n omi obìnrin náà ń dún tìn, tìn, tìn, bó ṣe máa ń dún bí omi ẹni bá ti tán.

Inú géètì ni Àlàdé, àfẹ́sọ́nà Àṣàkẹ́, dúró sí.

Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti pẹ́ tí Àṣàkẹ́ ti ń rí ọkùnrin yìí, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ṣì ń ṣe gìrì bí ìgbà àkọ́kọ́. Aṣọ iṣẹ́ funfun yẹn bá a mu, èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀ ń tàn yanran. Ohun tó gbé lọ́wọ́ nìkan ni kò bá a mu. Agbohùn ni, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àwọn ọmọdé. Òun ni ìjọba rán láti gba ti Jẹ́bà.

“Àṣàkẹ́ mi, ṣé o sùn?”

“Oorun wo? Ṣé òótọ́ ni pé Lọ́kọ́ja ti gbà?”

“Lọ́kọ́ja, Ìdá, Bàrò, gbogbo wọn. Wọ́n sọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ bí ẹni ń ṣàmín. Ibí nìkan ló kù tí oòrùn ti lè rí odò.” Ó wo Etí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ẹyọ ọmọ kan, àní ẹyọ kan péré, bó bá sọ pé rárá, Ìdérí ò gbọdọ̀ kọjá ibi tó dé yìí. Ó di ìgbà tí ìran ọmọ mìíràn bá dé.”

“Bí mo bá wá fi í sí wọn lẹ́nu ńkọ́?”

“Etí á gbọ́. Ohùn ọmọ náà á dòfo, wọ́n á sì gbé ọ lọ.” Ó sún mọ́ ọn. “Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ.”

“Wọ́n fi odò pamọ́ fún ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọ́n wá ń bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fi í pamọ́. Àlàdé, ṣé òfin nìyẹn?”

“Àwọn tó ṣe é rò pé àánú ni. Wọ́n ní àwa àgbà ti mu tiwa, ọmọ ló ni ọ̀la, kí a bi ọmọ. Oòrùn ń mu odò náà lóòótọ́, Àṣàkẹ́. Ojú mi ni mo fi rí bó ṣe ń fà sẹ́yìn.”

“Mo mọ̀.”

“Ilé àwọn Mákindé…”

“Mo ní mo mọ̀! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni.”

Láyé àtijọ́, bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, omi ni wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé. Nísinsìnyí, ìyẹ̀fun funfun kan báyìí ni wọ́n ń bù sí i, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dànù. Àlàdé ti búra fún un pé lọ́jọ́ tiwọn, omi Ọya ni yóò kan ẹsẹ̀ rẹ̀, òun fúnra òun ni yóò sì pọn ọ́n. Ìlérí yẹn ni Àṣàkẹ́ fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí. Bí ojú kan tó kù yìí bá dí, níbo ni ọkùnrin náà ti fẹ́ rí i pọn?

Àṣàkẹ́ ti pinnu ohun tí òun fẹ́ ṣe. Kò ní sọ pé rárá. Kò ní fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ kankan lẹ́nu. Ìfẹ́ ni yóò fi sí wọn lọ́kàn. Ẹni tí ìfẹ́ bá ti mú, ta ló tún ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ‘ẹ fi í sílẹ̀ fún mi’?

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ó pè wọ́n, “ẹ wọlé.”

Ìdérí lọ salalu lápá ọ̀tún, ó lọ salalu lápá òsì, ó funfun bí eyín, kò lópin. Láàárín rẹ̀, ibi kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, níbi tí òkè àpáta dúró sí láàárín omi. Ibẹ̀ ni Odò Ọya ti yọjú. Ó ń dán, ó ń yí, ó gba ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sí ara bí ìyàwó tó fi ìyùn sọ́rùn.

Mákindé na ìka sí i.

“Àǹtí, ta ló tẹ bọ́tìnnì ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Òun ló ń tú ara rẹ̀.”

“Bílẹ̀ bá ṣú ńkọ́, ta ló ń pa á?”

“Kò sẹ́ni tó lè pa á.”

“Omi rẹpẹtẹ báyìí, ògiri wo ló ti jáde?”

“Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín.”

Wọ́n jókòó sórí òkúta bèbè odò. Ndako, ọmọ àwọn Núpé, ìdílé apẹja ni wọ́n ti bí i. Òun lọ jókòó sí etí omi pátápátá, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. “Bàbá mi àgbà mọ̀ ọ́n,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Édù ló ń pè é. Bó bá pè é, á máa sunkún.”

Àṣàkẹ́ wo ọmọ náà, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé: ọmọ yìí ni. Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yìí kò ní sọ ọ́.

“Lórí òkè kan ní ilẹ̀ Gìnì ni wọ́n ti bí i,” ó bẹ̀rẹ̀. “Òkun kò jìnnà sí ibẹ̀. Ká ní ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ràn ni, ìbá rìn díẹ̀ báyìí, ìbá ti wọ inú òkun, ìbá sì sinmi. Ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí òkun. Ó ní, ‘Àwọn kan wà lọ́hùn-ún létí aṣálẹ̀ tí òǹgbẹ ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn mu.’ Ó ń lọ, oòrùn ń mu ún, iyanrìn ń mu ún, kò padà. Ìgbà tí wọ́n mu tán ló rántí pé àwa náà wà níbí. Ó ní háà, àwọn ọmọ mi tó wà nísàlẹ̀! Ló bá ṣẹ́rí, ó ń bọ̀ wá bá wa.”

“Ó ń fẹsẹ̀ rìn?”

“Ó ń fi àyà fà bí ọmọ tó ń rákò.”

“Yéè! Kò dùn ún?”

“Ìyá kì í ka ìrora. Ìrẹsì tí ẹ jẹ lánàá, òun ló fún un lómi. Iná tó wà nínú ilé yín, òun ló ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀nì mu nínú rẹ̀, erinmi mu nínú rẹ̀, ẹja kò níbòmíràn tí wọ́n ń gbé. Kò sì wo ẹ̀gbà ọwọ́ ẹnikẹ́ni kó tó fún un.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Oníkálukú wo ọwọ́ rẹ̀. Etí ti ń tan àwọ̀ ìyeyè ṣẹ́jú ṣẹ́jú. Àṣàkẹ́ rí i. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbọ́.

“Obìnrin ni nígbà kan rí. Ọya lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ náà kò sí mọ́, ó sunkún, ó sunkún, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi di omi…”

Àwọ̀ ìyeyè náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bọ̀ rẹ́súrẹ́sú. Ni Àlàdé bá bú sí ikọ́. Ikọ́ wo! Ó wú títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wú u sí Etí lójú gan-an. “Hù! Hù! Hùhù!” Kò sí ohun tí Etí lè gbọ́ mọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ mu omi,” ni Ọyábùnmi wí.

“Tèmi ti tán lónìí,” ó na ọwọ́ tí ẹ̀gbà wà sí i.

“Bẹ́ẹ̀ omi rèé níwájú yín!” Mákindé pariwo. “Bọ̀ọ̀dá yìí ò ríran ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àṣàkẹ́ pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí Etí máa fi gbá ara rẹ̀ jọ, àwọ̀ ewé ló padà sí. Àlàdé nu ojú. Ó wo olólùfẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

“Òfin gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó sọ̀rọ̀,” ó wí. “Ẹ wá.”

Wọ́n rákò lọ sí etí omi, wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ariwo tó sọ! “Ó ń fà mí!” “Ó ń rẹ́rìn-ín!” “Ó tutù!”

“Ó tutù gan-an,” ni Ọyábùnmi wí. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yọ ọwọ́, ó wo ọwọ́ náà, ó tún wo odò. “Àǹtí, ara mọ̀mọ́ wa tutù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.”

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ síta báyìí?”

“Ó ti pẹ́ gan-an. Kí a tó bí bàbá àwọn bàbá yín.”

Omi lé ròrò sí ojú ọmọ kékeré náà. Ọkàn Àṣàkẹ́ fò sókè. Ó ti mú wọn! Ìfẹ́ ti mú wọn, ó ti hàn lójú wọn. Ó gbójú sókè wo Àlàdé, òun náà ti rí i, èjí rẹ̀ sì yọ. Àyà Àṣàkẹ́ kún. Bó ṣe ń wo omi náà, ó ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ní ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àlàdé gbé Agbohùn síwájú wọn. Ó ṣí gbàgà bí òdòdó. Ohùn ìyá kan tó dùn bí oyin ló ti inú rẹ̀ wá.

“Ọmọ, o ti rí Ọ̀nà-Omi Kìíní. Ṣé kí a bò ó?”

Mákindé ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó la ẹnu, ó wo ẹ̀yìn, ó wo odò.

“Ẹ bò ó,” ó wí. “Ẹ tètè bò ó o.”

Àṣàkẹ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó dára, ìyẹn ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọ kejì dé. “Ẹ bò ó.” Òmíràn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó.” Òmíràn tún bẹ Agbohùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Ó kan Ọyábùnmi. Ó tú ìborùn kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí omi jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Odò gbé e lọ. Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n.

“Tèmi kéré jù,” ó sọ fún Agbohùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi èyí tó tóbi bò ó. Òtútù ń mú un.”

Ìgbà yẹn ló yé Àṣàkẹ́. Ìró tó bo ìyá arúgbó lábẹ́ afárá ló ń rí. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀: kí la máa ń ṣe? Ó fẹ́ ké. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má bo ìyá yìí, èyí kì í bora! Ṣùgbọ́n bó bá ké, ohùn ọmọ tó kù á dòfo, ohùn tó ti dòfo kò sì lè jẹ́ ‘rárá’. Bó bá dákẹ́, Ndako ṣì wà. Ó fi eyín mú ètè. Àlàdé pẹ̀lú dúró bí igi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí Agbohùn, kò sì sí ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe ju kó gbé e dúró.

“Ṣé kí a bò ó?”

Ndako kò tètè dáhùn. Ó wo odò pẹ́, ó tẹjú mọ́ bó ṣe ń yí gba ẹ̀gbẹ́ àpáta, tó ń sáré, tó ń sáré, tí kò dúró. Àṣàkẹ́ di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Ọmọ apẹja, ọmọ Édù, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́.

“Ojú ló ń tì í,” ni Ndako wí nígbẹ̀yìn. “Gbogbo èèyàn ń wò ó, ìdí nìyẹn tó fi ń sá lọ. Bàbá mi àgbà ò mọ̀ ni, ì bá ti bò ó tipẹ́.” Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé e fún Agbohùn. “Ẹ bò ó.”

Agbohùn pa ara rẹ̀ dé. Kò pariwo, kò ṣe ayọ̀. Ìdérí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti apá méjèèjì, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fa aṣọ.

“Ẹ ṣé o!” ni àwọn ọmọ ń ké sí i. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. “Ó dàárọ̀ o, mọ̀mọ́!”

“Dá a dúró,” Àṣàkẹ́ sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. “Àlàdé, ìwọ lo gbé e wá. Dá a dúró.”

“Kò sí bọ́tìnnì lára rẹ̀,” ni Àlàdé dáhùn. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi hàn án. “Olólùfẹ́ mi, wọn ò ṣe bọ́tìnnì kankan sí i.”

Ó jù ú sílẹ̀. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó sáré bọ́ sí etí omi, ó da àyà délẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba inú àlàfo tó kù. Ó bu omi sínú fìlà. Bó ṣe fa ọwọ́ jáde ni àlàfo náà dí. Omi ń jò lára fìlà náà bó ṣe ń sáré bọ̀, ó ń jò, ó ń jò. Ó kúnlẹ̀ síwájú Àṣàkẹ́, ó da èyí tó kù sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, láàárín àwọn ìka, lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, títí kò fi sí nǹkan kan nínú fìlà mọ́.

“Kì í ṣe ibí ni mo rò pé mo ti máa ṣe é,” ó wí. Kò lè gbójú sókè.

Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ìyókù ara rẹ̀ ń jó bí iná.

Lórí ibi tí odò wà tẹ́lẹ̀, Ọyábùnmi dùbúlẹ̀, ó fi etí lé ohun funfun náà. Ó fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ìka kan lé ètè, ó wo gbogbo wọn pẹ̀lú ojú tó ṣì tutù fún ẹkún.

“Ẹ má pariwo,” ó wí. “Ó ti sùn.”

Gbogbo àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn, wọ́n ń fi orí ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ padà sí ibi tí wọ́n bọ́ bàtà sí. Mákindé yí padà, ó rí i pé Àǹtí kò rìn bí àwọn ṣe ń rìn.

“Àǹtí,” ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má jí mọ̀mọ́.”

Àṣàkẹ́ gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń yọ́ rìn tẹ̀ lé wọn. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù ń hàn lórí Ìdérí funfun bó ṣe ń lọ, oòrùn sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń mu ún.